Ajá tí mo ní mo gbà là: kí ni tiyín kọ́ yín?

Alájá-Kan

Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ilé. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo mú ajá kan wálé láti ibi tí wọ́n ń kó àwọn ajá tí kò lẹ́ni sí. Wọ́n ní ẹ̀bá títì ni wọ́n ti rí i, egungun ìhà rẹ̀ ṣe é kà, okùn tó já kù sí i lọ́rùn. Rọra ni mo sọ ọ́, torí pé ohun tí mo ń sọ fún ara mi látàárọ̀ dalẹ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn: rọra, rọra.

Kí n sọ òótọ́, mo ń retí kí ajá náà mọ̀ pé mo ṣe é lóore. Mo ti rò ó lọ́kàn bí yóò ṣe máa jùrù tẹ̀lé mi kiri, tí yóò máa lá mi lọ́wọ́. Àfi bó ṣe wọlé tó gba ẹ̀yìn àga ìrọ̀gbọ̀kú lọ, ibẹ̀ ló sì wà fún ọjọ́ mọ́kànlá. Kì í jẹun lójú mi. Tí mo bá paná tí mo wọ yàrá, tó bá di nǹkan bí aago méjì òru, màá gbọ́ eyín rẹ̀ lára abọ́, kín-ín, kín-ín, yóò dákẹ́ díẹ̀, yóò tún bẹ̀rẹ̀, bí olè tó ń fetí sílẹ̀ bóyá onílé ti jí.

Inú bí mi, n kò ní purọ́. Mo ń wí nínú ara mi pé, ‘Èmi tí mo yọ ẹ́ nínú ìyà!’ Lọ́jọ́ kan mo mú ìgbálẹ̀ láti gbálẹ̀, n kò tiẹ̀ kọjú sọ́dọ̀ rẹ̀. Ló bá tọ̀ sára níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Kò dìde, kò sá, ògiri ló tẹjú mọ́. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn mí rárá. Ẹnì kan ti kọ́ ọ ní ohun tí ìgbálẹ̀ wà fún kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Lálẹ́ ọjọ́ kejìlá, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo kẹ̀yìn sí i, mo ń kàwé. Ẹsẹ̀ mi ti kú. Ṣàdédé ni nǹkan tútù kan kàn mí ní gìgísẹ̀: imú. Nígbà tó yá, ó gbé àgbọ̀n lé e. N kò mira. Mo ń ka ojú ìwé kan náà títí, n kò mọ ohun tó wà níbẹ̀ dòní.

Ohun tí mo kọ́ rèé: bí mo bá ṣe oore tí mo dúró gba ìdúpẹ́, ọjà ni mo ń tà. Mo ti tà á fún àbúrò mi kan rí, àárín wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gún ni.

Ẹ sọ tiyín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá sọ fún mi pé ajá ń fẹ́ràn èèyàn láìbéèrè ohunkóhun. Tèmi ń béèrè. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Kò-Sí-Wàhálà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. Òdìkejì tiyín ni tèmi. Tèmi kò jẹ́ kí n lọ ibì kankan. Bí mo bá ti jáde, yóò hu, yóò fi eyín gbẹ́ ilẹ̀kùn títí igi fi máa gún un létè. Tí mo bá dé, màá pariwo mọ́ ọn. Mo rò pé orí kunkun ni.

Ẹnì kan ló là mí lójú pé ẹ̀rù ló ń bà á, pé ẹni tí wọ́n ti já sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá pa dé ló ń rò pé ó tún di. Ó ní kí n máa fi ìjáde mi mọ́ ọn lára díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo ohun tí mo ń ṣe: màá mú kọ́kọ́rọ́, màá tún jókòó. Màá wọ bàtà, màá lọ jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Màá ṣílẹ̀kùn, màá tì í padà láì jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, màá jáde fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, mẹ́wàá, títí ó fi di ìṣẹ́jú kan. Aládùúgbò kan bi mí bóyá wọ́n ń lé mi nílé ni.

Oṣù mẹ́rin gbáko ká tó dé wákàtí kan. Lọ́jọ́ kan mo kánjú, mo fi ogójì ìṣẹ́jú lé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a padà síbi ìpìlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: mo ti ń pa òwe yẹn látọjọ́ tó ti pẹ́ o, àmọ́ n kò tíì jókòó ti ẹlẹ́dẹ̀ náà rí.

Sọ̀títọ́

Mo ti ń ka irú àwọn ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, ó wá tó gẹ́ẹ́. Gbogbo yín lẹ máa ń sọ èyí tó parí sí dáadáa. Èmi dá tèmi padà.

Wọ́n sọ fún wa pé ajá jẹ́jẹ́ ni, pé ó ti bá ọmọdé gbé rí. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó gé ọmọ mi jẹ lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin. Kì í ṣe ojú ọgbẹ́ ńlá, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ni. A dá a padà lọ́jọ́ kejì. Mo sunkún nínú ọkọ̀, ajá náà sì jókòó sẹ́yìn pẹ̀lẹ́, ó ń wo ìta bí ẹni ń lọ ṣeré.

Ohun tó kọ́ mi ni pé ìfẹ́ nìkan kò tó, kì í sì í ṣe gbogbo ilé ló wà fún gbogbo ajá. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi kó bú mi.

Ọmọ-Ajá-Mẹ́ta

Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n èèyàn kì í dá ọmọ padà. Ẹ̀yin lẹ kò ṣọ́ ọmọ yín.

Alájá-Kan

Ọmọ-Ajá-Mẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Mo ní kí á sọ òótọ́, Sọ̀títọ́ ló sì kọ́kọ́ sọ èyí tí kò dùn ún gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni wọ́n ní. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun kò lè gbé ẹrù, tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, kò dà bí ẹni tó jù ú sọ́nà.

Sọ̀títọ́, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ọwọ́ ọmọ ti san?

Sọ̀títọ́

Ó ti san. Ó ṣì ń bèèrè ajá náà. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Dókítà-Ẹranko

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí pé ìtọ́jú ẹranko niṣẹ́ mi.

Àkọ́kọ́, nípa gígéjẹ. Ajá yòówù kó géni jẹ, ì báà jẹ́ tilé tàbí tìta, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ má dúró wò ó. Àrùn dìgbòlugi kò láàánú: bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára èèyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń yè é, ajá ló sì ń kó o ran èèyàn nínú nǹkan bí 99 nínú 100. Ṣùgbọ́n ó ṣe é dènà. Láti ọdún 1885, nígbà tí Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, gún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan tí ajá bù jẹ lábẹ́rẹ́, tọ́mọ náà sì yè, la ti ní ọ̀nà àbáyọ. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, àyájọ́ ọjọ́ tí Pasteur kú, ni gbogbo ayé fi ń sàmì ọjọ́ ìgbógunti dìgbòlugi. Torí náà, ajá àgbàtọ́ tí ẹ kò mọ ìtàn rẹ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè.

Èkejì, ajá kì í sábà ṣàdédé géni jẹ. Ó ti sọ̀rọ̀ títí kó tó fi eyín sọ ọ́. Yóò máa lá ètè nígbà tí kò sí oúnjẹ nítòsí. Yóò máa yán nígbà tí oorun kò kùn ún. Yóò yí orí kúrò, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì wà lára yín, ẹ óò rí funfun ojú náà bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ara rẹ̀ á wá le gbagidi. Ìgbà yẹn ló tó ń kùn. Àwọn èèyàn á sì nà án pé ó kùn! Ajá tí ẹ bá nà torí pé ó kùn, ẹ̀rù kò ní kúrò lára rẹ̀, kíkùn ni yóò fi sílẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, eyín ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Sọ̀títọ́, ẹ dárí jì mí tí mo bá ń tú ọgbẹ́: ibo lọmọ fọwọ́ kàn lára ajá náà?

Sọ̀títọ́

Etí. Ọmọ náà fẹ́ fi etí ajá bo ojú ajá, bí wọ́n ṣe máa ń ṣeré.

Dókítà-Ẹranko

Ṣé ajá náà máa ń gbọn orí, tàbí kó máa fi ẹsẹ̀ họ etí náà?

Sọ̀títọ́

Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. A rò pé eṣinṣin ni.

Dókítà-Ẹranko

N kò lè dájọ́ ohun tí n kò fojú rí. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọ̀pọ̀ ajá tí wọ́n ní ìwà rẹ̀ burú, tó jẹ́ pé etí ló ń dùn ún, tàbí eyín, tàbí oríkèé ìbàdí. Ìrora kì í ṣe ìwà. Ẹ kọ̀wé sí ibi tí ẹ dá a padà sí, kí wọ́n wo etí náà. Ìyẹn á ṣe ẹni tó bá tún máa gbà á láǹfààní.

Ọ̀gá-Mọ̀-Ọ́n

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká sọ ajá di ọmọ jòjòló tí kò mọ nǹkan. Tèmi mọ̀ bó bá ṣẹ̀. Tí mo bá wọlé tó ti ya ìrọ̀rí, kí n tó rí i rárá, ó ti wólẹ̀, ó ti gbé ojú bíi ti ajẹgbèsè tó pàdé olówó. Bí kò bá mọ̀, kí ló dé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Kò-Sí-Wàhálà

Èmi náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Onímọ̀ kan, Alexandra Horowitz, dán ọ̀rọ̀ yìí wò, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2009. Ẹni tó ni ajá á kìlọ̀ fún un pé kó má fọwọ́ kan ìpápánu kan, á sì jáde. Nígbà míì ajá jẹ ẹ́, nígbà míì kò jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó ni ín kì í ṣe òótọ́ nígbà gbogbo. Ojú ‘mo jẹ̀bi’ yẹn kò tẹ̀lé ẹ̀ṣẹ̀ rárá, ìbáwí ló tẹ̀lé. Kódà, àwọn ajá tí kò jẹ nǹkan kan tí wọ́n sì bá wí gan-an lojú tiwọn rẹlẹ̀ jù.

Nígbà tí mo kà á, mo rántí gbogbo ọjọ́ tí mo pariwo nítorí ilẹ̀kùn. Mo rò pé ó ń tọrọ àforíjì. Ojú mi ló ń kà.

Ọ̀gá-Mọ̀-Ọ́n

Hmm. Ó ṣì jẹ́ pé ìrọ̀rí mẹ́rin ni mo ti rà.

Ìtàn-Dùn

Ẹ jẹ́ kí n gba ibòmíràn wọlé. Ẹ ti gbọ́ nípa Laika, ajá tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ yí ayé po. Ajá ìgboro ni. Ojú títì Moscow ni wọ́n ti mú un. Ìdí tí àwọn onímọ̀ Soviet fi ń yan ajá ìgboro ni pé wọ́n gbà pé èyí tó ti fara da ebi àti òtútù á lè fara da ohun tó wà níwájú. Ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún 1957 ni wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú Sputnik 2 gbé e lọ. Kò sí ètò ìpadàbọ̀ kankan fún un. Ọdún 2002 laráyé tó gbọ́ pé wákàtí mélòó kan péré ló lò lókè kí ooru tó pa á. Oleg Gazenko, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ ọ, ti sọ ṣáájú ìgbà náà, lọ́dún 1998, pé òun kábàámọ̀ ohun tí àwọn ṣe.

Kí ló kàn mí níbẹ̀? Nígbà tí mo gba ajá tèmi, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń sùn, lórí símẹ́ńtì. Ìyàwó mi ní kí á tẹ́ nǹkan fún un. Mo ní, ‘Fi í sílẹ̀, ó ti mọ́ ọn lára.’ Oṣù méjì. Lọ́jọ́ tí ìyàwó mi dá a ṣe, tó tẹ́ aṣọ àtijọ́ kan fún un, ajá náà dúró lórí rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò, ó yí po lẹ́ẹ̀mẹta, ó sùn títí di ọ̀sán. Kò tíì sùn bẹ́ẹ̀ rí nílé wa.

‘Ó ti mọ́ ọn lára.’ Ẹ wo iye èèyàn tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn nípa wọn.

Ọmọ-Ajá-Mẹ́ta

Sọ̀títọ́, mo tọrọ àforíjì fún ohun tí mo kọ lókè. Mo sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò rí nǹkan rí.

Ìyá-Arúgbó-Ajá

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Èmi ní tèmi, mo lọ gba ajá ọmọ ọdún méjìlá. Àwọn ọmọ bíbí inú mi bi mí léèrè pé ṣé ẹkún ni mo fẹ́ fowó rà ni. Mo ní ẹkún wo? Èmi náà kì í ṣe ọmọdé mọ́.

Kò gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́, ojú rẹ̀ sì ti ń funfun. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, màá fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó lè gbọ́ ọ ní ikùn, kó má baà ta gìrì. Títí di báyìí, mo ṣì ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ kí n tó wọ yàrá, nígbà tí kò sí ẹni tí mò ń kìlọ̀ fún.

Iṣẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo ni oòrùn. Láàárọ̀, oòrùn á gba fèrèsé wọlé, á bọ́ sídìí tábìlì, ajá náà á dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Tí oòrùn bá sún, òun náà á dìde, èékánná á máa dún kò-kò-kò lórí ilẹ̀, á tún dùbúlẹ̀ síbi tó sún sí. Títí tó fi máa dé ẹnu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́. Èmi tí mo máa ń ṣe ètò ọdún márùn-ún márùn-ún, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àga mi tẹ̀lé e. A rìn já pálọ̀ lójoojúmọ́, àwa méjèèjì, wákàtí mẹ́sàn-án.

Oṣù méje ló lò. Mo sunkún, bẹ́ẹ̀ ni, mo sunkún. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi kò bi mí léèrè mọ́.

Àlejò-Tuntun

Ẹ kú ilé, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ń kà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa lọ mú tèmi. Abo ni, wọ́n ní ó tó ọmọ ọdún méjì, ó sì ti bímọ rí. Àyà mi ń já. Kí ni kí n ṣe? Mo ti pe àwọn ọ̀rẹ́ mi kí wọ́n wá kí i.

Alájá-Kan

Àbúrò, ẹ kú oríire. Ẹ tètè pè wọ́n padà, ẹ ní kí wọ́n má wá. Kí àlejò tó rí àlejò, kó kọ́kọ́ rí ẹni tó gbà á sílé.

Dókítà-Ẹranko

Ẹ má wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bí ara rẹ̀ kò bá dọ̀tí jù. Ẹ wá igun kan fún un tí ẹnikẹ́ni kò ní dé, omi ní tòsí. Ẹ tilẹ̀kùn dáadáa, kẹ́ ẹ sì so nọ́ńbà fóònù yín mọ́ ọn lọ́rùn, torí pé ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń sá jù, wọn kò sì tíì mọ ibi tó ń jẹ́ ilé. Ẹ mú un wá síwájú dókítà láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn: abẹ́rẹ́, eégbọn, aràn inú, àti aràn inú ọkàn tí ẹ̀fọn máa ń gbé wọ ajá lára. Kí wọ́n wo etí náà o.

Ohun tí a máa ń sọ ni mẹ́ta-mẹ́ta-mẹ́ta: ọjọ́ mẹ́ta kí ara tó balẹ̀ díẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó mọ bí ilé ṣe ń lọ, oṣù mẹ́ta kó tó gbà pé ilé òun ni. Kì í ṣe òfin. Ti Alájá-Kan fi ọjọ́ mọ́kànlá ṣe ọjọ́ mẹ́ta.

Àlejò-Tuntun

Ẹ ṣé. Ẹ̀gbọ́n Alájá-Kan, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ara Rọra ti balẹ̀? Ṣé kò bẹ̀rù ìgbálẹ̀ mọ́?

Alájá-Kan

Ó ṣì ń bẹ̀rù rẹ̀. Ọdún mẹ́ta, ó ṣì ń bẹ̀rù rẹ̀. Tí mo bá fẹ́ gbálẹ̀, màá sọ fún un, á dìde lọ sí yàrá, màá tilẹ̀kùn, màá gbálẹ̀, màá gbé ìgbálẹ̀ pa mọ́, màá ṣílẹ̀kùn. N kò gbìyànjú láti wò ó sàn mọ́. Bí a ṣe ń gbálẹ̀ nílé wa nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ó máa ń han-un. Oṣù karùn-ún ló bẹ̀rẹ̀. Ajá tó ń fetí ṣọ́ onílé kì í han-un.

Sọ̀títọ́

Mo kọ̀wé sí wọn. Wọ́n ní ajá náà ti rí ilé mìíràn, àgbàlagbà méjì, kò sí ọmọdé. Wọ́n ní àwọn máa sọ ti etí náà fún wọn. N kò mọ̀ bóyá wọ́n á sọ ọ́.

Àlejò-Tuntun

Sátidé, aago mẹ́wàá alẹ́. Ó ti dé. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀, kò jẹun, kò mumi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo kẹ̀yìn sí i, ibẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Mo ń gbọ́ ìmí rẹ̀. Ó dà bíi pé ó ti sún mọ́ díẹ̀. Ṣé kí n wò ó?

Alájá-Kan

Rárá o. Máa tẹ fóònù rẹ lọ.